Mo Ní Kí Wọ́n Má Tíì Kọ́ Wọn

Ẹ̀yin òǹkàwé, inú ń bí mi bí mo ṣe jókòó kọ èyí. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń bínú sí o. Bí ẹ bá sì kà á tán tí ẹ bú mi, ẹ ò ṣẹ̀ mí, àwọn ará ilé mi ti bú mi ṣáájú yín.

Sàúdátù lorúkọ mi. Tíṣà eré ìdárayá ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì ń ka ìwé másítáàsì lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ dáadáa: ìwé tó yẹ kí n ti kà tán tipẹ́tipẹ́ ni. Ìyanṣẹ́lódì jẹ nínú rẹ̀, àrùn kòrónà jẹ nínú rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi sì jẹ èyí tó kù. Wọ́n á ní kí n lọ tún un ṣe. Mo bá tún un ṣe tán, wọ́n á ní èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe yẹn sàn jù ú lọ. Àwọn tá a jọ bẹ̀rẹ̀ ti gboyè, ọ̀kan nínú wọn ti di ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Ta ni ò ní sú?

Nígbà tó yá, wọ́n fọwọ́ sí iṣẹ́ kan fún mi. Mo fẹ́ wádìí bóyá tíṣà eré ìdárayá lè kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àmì tí èèyàn fi ń mọ̀ pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti ń mú ẹnìkan. Kì í ṣe nínú kíláàsì o, orí pápá ni. Mo sọ ọ́ di eré. Rẹ́rìn-ín, ká wò ó bóyá ẹnu wọ́ sápá kan. Gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ká wò ó bóyá ọ̀kan ń jábọ́. Sọ̀rọ̀, ká gbọ́ bóyá ahọ́n ń wúwo. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti yí padà, sáré! Ọmọ tó bá kọ́kọ́ dé ojú ìlà tó pariwo "Ọsibítù!" ló borí.

Ilé ìwé méjì ni mo mú. Ti Ìjẹ̀bú-Òde, a ó kọ́ wọn. Ti Odogbolu, a ò ní sọ nǹkan kan fún wọn títí táàmù á fi parí, ká lè fi àwọn tó mọ̀ wé àwọn tí kò mọ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe ìdánwò tán, a ó wá kọ́ àwọn náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí nìyẹn, kò sí aburú níbẹ̀.

Aburú ibẹ̀ ni pé Odogbolu ni ìyá mi ń gbé.

Ọ̀dọ̀ wọn ni Fatihah, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Ameenat, ń gbé, torí ìyá rẹ̀ kì í yé lọ rajà l'Ékòó. Ilé ìwé tí mo mú yẹn gan-an ni Fatihah ń lọ, ó wà ní kíláàsì kẹta. Mo mọ̀ dájú. Mo kàn wò ó pé á rọ̀ mí lọ́rùn ni: bí mo bá lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, n ó yà kí Màámi, n ó jẹun, n ó sì padà sílé. Ó yẹ kí n sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé ẹbí mi wà níbẹ̀, wọn ì bá ní kí n gbé iṣẹ́ náà lọ sí Ìmùṣin tàbí ibòmíràn. Mi ò sọ. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má tún ní kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Tíṣà eré ìdárayá tó wà ní Odogbolu ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Aaron. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún un, ó ń wo ilẹ̀.

"Mà, bí bàbá mi ṣe lọ nìyí," ó ní. "A rò pé ó kàn rẹ̀ wọ́n ni. Kí ló dé tá ò kọ́ àwọn ọmọ yìí lónìí?"

"Ẹ ṣe sùúrù, Ọ̀gbẹ́ni Aaron. Táàmù kan péré ni."

"Ṣé àrùn náà máa ń wo táàmù ni, mà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Ó ní ó dáa.

Kò dáa o! Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo kàn yà síbẹ̀ láàárọ̀, mo bá àwọn ọmọ kíláàsì kejì lórí pápá. Gbogbo wọn ti di ojú, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọ̀gbẹ́ni Aaron ń rìn láàárín wọn, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe fun fèrè, gbogbo wọn sáré, wọ́n ń pariwo "Ọsibítù! Ọsibítù!"

Mo pè é sẹ́yìn igi.

"Kí lẹ̀ ń ṣe fún mi yìí? Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Mà, ẹ má bínú. Mi ò lè sùn. Mo ní kí n ṣe kíláàsì kejì lọ́sẹ̀ yìí, kí n ṣe kíláàsì kẹta lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ lè lọ mú ilé ìwé mìíràn fún ti ìwádìí."

"Mú ilé ìwé mìíràn! Ẹ̀yin lẹ máa bá mi sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

"Bí ẹ bá mú mi lọ, n ó sọ fún wọn."

Ẹ ò rí i pé èèyàn dáadáa ni? Ìyẹn gan-an ló túbọ̀ bí mi nínú. Mo wò ó pé kíláàsì kẹta ni mo fẹ́ lò fún ìdánwò, ọwọ́ rẹ̀ ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí mo bá tètè dí i lọ́nà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Mo gba ọ̀fíìsì Pírínsípà lọ tààrà. Irọ́ ni mo pa fún obìnrin náà, mi ò sọ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ. Mo ní Ọ̀gbẹ́ni Aaron ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ ìṣègùn tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, pé kì í ṣe nọ́ọ̀sì, pé bí òbí kan bá wá jà, èmi ò sí níbẹ̀ o.

Ojú Pírínsípà le. "Ṣé ilé ìwé mi ló fẹ́ sọ di ọsibítù?"

Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n gba eré ìdárayá lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ dúró sí géètì, kó máa mú àwọn tó bá pẹ́ dé. Mo kọjá lára rẹ̀ ní géètì níjọ́ kejì. Ó kí mi. Mi ò lè wò ó lójú, mo kàn ń tẹ fóònù tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Nígbà tó di òpin ọ̀sẹ̀, mo wà lọ́dọ̀ Màámi. Fatihah ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, ó sá wọlé.

"Àǹtí, kí ni Tíṣà wa ń kọ́ àwọn kíláàsì kejì tí wọ́n fi ń gbé ọwọ́ sókè? Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ kọ́ mi."

"Ó dìgbà tẹ́ ẹ bá ṣèdánwò tán."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́! Mi ò ní sọ fún ẹnì kankan."

"Fatihah, mo ní ó dìgbà náà. Jẹ́ n gbádùn."

Màámi rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n jókòó sí. "Sàúdátù, ọmọ ń bèèrè ẹ̀kọ́, o ní kó jẹ́ o gbádùn. Irú ìwé wo nìwọ ń kà?"

Ẹ mọ irú ìyá tí mo ní? Aláwàdà ni wọ́n. Kò sẹ́ni tí wọn kì í sín jẹ ládùúgbò. Wọ́n á wọ́ ẹnu bíi ti ìmáàmù wọn àtijọ́, wọ́n á ká ahọ́n kò bíi ti ìyàwó Alágbàáà tó ń ta epo lójú ọ̀nà, Fatihah á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Báwọn méjèèjì ṣe ń ṣe nílé yẹn nìyẹn.

Ó wá di Sátidé kan. Màámi fẹ́ se ìkọ́kọrẹ́, wọ́n ń rin ewùrà láàárọ̀. Gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹnu Fatihah la ti gbọ́ ọ. Ó ní ewùrà bọ́ lọ́wọ́ Màámi. Wọ́n he é, ó tún bọ́. Wọ́n gbójú sókè wo òun, ẹnu wọn wọ́ lọ sápá kan. Wọ́n sọ nǹkan kan, ó dà bí ẹni tó kó ẹ̀wà gbígbóná sẹ́nu.

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé wọ́n ń sín ẹnìkan jẹ ni.

"Ta nìyẹn, Màmá? Ta lẹ̀ ń ṣe?"

Wọn ò dáhùn. Wọ́n rọra dìde, wọ́n ń fara ti ògiri lọ sínú yàrá, wọ́n dùbúlẹ̀. Fatihah bo aṣọ lé wọn. Ó fi rọ́ọ̀bù pa wọ́n lórí. Ó ní òun rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni, òun sì fẹ́ kí wọ́n jí bá oúnjẹ, òun bá lọ parí ìkọ́kọrẹ́ náà fúnra òun. Ààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè tí wọ́n máa ń gbà ló rò pó mú wọn lára.

Ọ̀sán ti pọ́n, ó ti ń lọ sí alaasárì, kí Àǹtí Ameenat tó ti Èkó dé, kó tó pè mí pẹ̀lú igbe. A gbé Màámi lọ sí ọsibítù ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ti kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kú, ọ̀rọ̀ ò jáde mọ́.

Dókítà bèèrè pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Ameenat ò mọ̀. Fatihah ló dáhùn, ọmọ tí kò mọ̀ pé ó yẹ kóun purọ́. Ó sọ ti ewùrà, ó sọ ti ẹnu, ó sọ ti ẹ̀rín.

Dókítà náà mí kanlẹ̀. "Ẹnu tó wọ́ yẹn ni àmì rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbé wọn wá nígbà náà, ohun tá ò bá ti ṣe fún wọn pọ̀ ju èyí lọ. Wákàtí tó ti lọ ti lọ. Ẹ jẹ́ ká máa ṣe èyí tá a lè ṣe."

Àǹtí Ameenat yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"O rẹ́rìn-ín? Ìyá mi ń kú lọ, o ń rẹ́rìn-ín? O wá lọ ń se ìkọ́kọrẹ́! O wá lọ ń jẹun!"

Ó gbá a létí. Nọ́ọ̀sì ló dì í mú.

Mo dúró síbẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Mi ò jìnnà sí wọn ju ìwọ̀n apá méjì lọ. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi: "Àǹtí, ẹ má lù ú, èmi ni." Mo gbé e mì. Mo wá fa ọmọ náà mọ́ra bí aláàánú, mo ní, "Ẹ má bínú sí i, Àǹtí. Ọmọdé ni, kò mọ̀."

Kò mọ̀! Ta ni kò jẹ́ kó mọ̀?

Bí àwọn ẹbí ṣe ń dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó àti Èkó, bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí Ameenat ń sọ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sì gbọ́ á wo Fatihah, á mi orí. Àbúrò Màámi kan ní, "Ọmọ ayé òde òní, ẹ̀rín ṣáá ni wọ́n mọ̀." Ọmọ náà ò jẹun mọ́. Igun kan lẹ́bàá ìlẹ̀kùn wọ́ọ̀dù ló máa ń jókòó sí. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé, á dìde, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ ni." Ẹni tí ò tiẹ̀ bi í pàápàá, á kúnlẹ̀ fún un.

Èmi ńkọ́? Mò ń gbé ọsàn wá. Mò ń ra oògùn. Mo ń sọ fún ara mi pé ìbànújẹ́ ọ̀hún á rọlẹ̀, wọ́n á gbàgbé, n ó ṣe ìdánwò ìkẹyìn, n ó wá ra aṣọ tó dáa fún ọmọ náà. Aṣọ! Áwùsúbílàhì. Bí èṣù bá fẹ́ gba ọkàn èèyàn, kì í fa ariwo.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ẹbí pọ̀ ní wọ́ọ̀dù. Àǹtí Ameenat tún ti bẹ̀rẹ̀, ó ń nàka sí Fatihah, ó ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá òun, kó máa lọ bá bàbá rẹ̀ n'Íbàdàn. Ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Ọ̀gbẹ́ni Aaron ni, ó gbé búrẹ́dì àti mílíìkì dání. Ó ní òun rí i pé Fatihah ò wá sílé ìwé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló júwe ibí fóun.

Ó rí mi. Ó dúró sójú kan.

"Ẹ̀yin náà nìyí, mà? Màmá yín ni?"

Mò ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Àǹtí Ameenat ti dá a lóhùn kí n tó lanu.

"Tíṣà, ẹ káàbọ̀, ẹ wá wo ohun tí ọmọ yín ṣe. Ìyá mi wọ́ ẹnu níwájú rẹ̀, ó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí lẹ tiẹ̀ ń kọ́ wọn níbẹ̀?"

Ọ̀gbẹ́ni Aaron gbé búrẹ́dì sílẹ̀. Ó wo Fatihah tó ti kúnlẹ̀, ó fà á dìde.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú ọmọ yìí mọ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n kọ́ kíláàsì wọn ní àmì àrùn yìí ni wọ́n dá mi dúró."

"Ta ló dá yín dúró?"

Kò wò mí. Títí dòní, mo mọ̀ pé kò fẹ́ sọ ọ́. Fatihah ló sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́.

"Àǹtí ni. Wọ́n lọ fẹjọ́ Tíṣà sun Pírínsípà. Gbogbo ilé ìwé ló mọ̀."

Ọmọ náà ti mọ̀! Ó mọ̀ látọjọ́ yìí, ó ń kúnlẹ̀ fún gbogbo ayé, kò dárúkọ mi.

Àǹtí Ameenat rìn wá bá mi. Mo rò pó máa gbá èmi náà létí, mo tiẹ̀ ń retí rẹ̀. Kò gbá mi.

"Sàúdátù, ṣé òótọ́ ni?"

"Àǹtí, ìwádìí ni, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ tíì kọ́ wọn..."

"Mi ò bèèrè ìwádìí. O mọ àmì àrùn yìí. O ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ n'Íjẹ̀bú-Òde. O jókòó sílé ìyá tó bí ẹ, o jẹ ìkọ́kọrẹ́ wọn, ọmọ bi ọ́, o ní kó jẹ́ o gbádùn. Mo wá ń lu ọmọ mi níwájú rẹ, o ń bá mi bẹ̀bẹ̀ fún un?"

"Àǹtí, ẹ forí jì mí."

"Jáde."

Mo wo Màámi. Wọn ò sùn. Ojú wọn là sílẹ̀, omi ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun gbogbo ni wọ́n ti gbọ́.

Mo jáde. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, mo sunkún títí. Ẹ̀gàn ni hẹ̀ẹ̀! Bí mo ṣe ń sunkún náà ni mò ń bínú: sí Ọ̀jọ̀gbọ́n, sí Aaron tó gbé búrẹ́dì wá, sí ìwé, sí ara mi.

Níjọ́ kejì mo lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á fún Màmá ní ìlera. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti bàjẹ́, ẹ mọ̀? Ẹ ní ẹbí níbẹ̀, ẹ fi pamọ́. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun."

Lákọ̀tun! Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ pa irọ́, òun náà ló tún padà bá mi. Mi ò jà. Wọ́n tọ̀nà.

Mo lọ sí Odogbolu, mo sọ fún Pírínsípà pé irọ́ ni mo pa mọ́ Ọ̀gbẹ́ni Aaron. Wọ́n bú mi dáadáa, wọ́n sì dá pápá padà fún un. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Kì í ṣe èmi lẹ máa bẹ̀, mà." Ó ti kọ́ gbogbo ilé ìwé náà báyìí, títí dé àwọn tó ń se oúnjẹ.

Màámi ti padà sílé. Wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu wọn ò tó nǹkan, àwàdà ò sí níbẹ̀ mọ́. Bí mo bá dé, wọ́n á jẹ́ kí n na ọwọ́ wọn, kí n ká a, kí n tún un nà, bí a ṣe máa ń ṣe fún àwọn agbábọ́ọ̀lù tó bá fara pa. Wọn kì í lé mi. Àǹtí Ameenat kì í dáhùn ìkíni mi.

Ó bẹ ọmọ rẹ̀ o, tẹkúntẹkún ló fi bẹ̀ ẹ́. Fatihah ti ń jẹun. Ó ti padà sílé ìwé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọ ọkọ̀. A dé ìkóríta. Mo fún un lówó, ó ní kí n jẹ́ kó wà. Ó wá bèèrè.

"Àǹtí, ká ní Tíṣà ò wá lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ̀ bá sọ fún wọn pé kì í ṣe ẹ̀bi mi?"

"Fatihah, kí lo rò? N bá sọ fún wọn."

Ó wo ojú mi, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbójú kúrò.

"Ó dáa, mà," ó ní. Ó kúnlẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀, ó yí padà, ó ń lọ sílé.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kì bá tí sọ. Ó sì mọ̀.